Kí Ẹdẹ Tó Pe Awakùsà Lẹ́jọ́

Odò Ọ̀ṣun ti pọ́n, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Omi tó máa ń mọ́ padà bí òjò bá ti dá, ó ti ń ṣàn bí omi amọ̀ tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ohun tó fà á kò fara sin: àwọn tó ń wa wúrà lágbègbè Ìjẹ̀ṣà ń tú ilẹ̀ etídò, wọ́n sì ń fọ erùpẹ̀ wúrà sínú àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun. Lọ́dún 2021, ẹgbẹ́ Urban Alert gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò, èsì tó jáde sì ní àwọn èròjà olóró bíi òjé àti mákúrì wà nínú rẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, tí àjọ UNESCO fi kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005, ni ariwo pọ̀ sí jù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí odò náà bá ti kúrò l'Óṣogbo, Ẹdẹ ló kàn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì dá ọ̀rọ̀ àyíká sílẹ̀ níbẹ̀, kò ní í pẹ́ tí wọ́n á fi bi í pé, kí la fẹ́ fọ̀ níbí nígbà tí wọ́n ti bà á jẹ́ lókè? Ọ̀rọ̀ yìí dùn-ún sọ, ó sì ń tú àwọn tó yẹ kó ṣiṣẹ́ sílẹ̀. N kò gbà á. Ìlú kékeré bí Ẹdẹ kò lágbára lórí kùsà, àmọ́ ó lágbára lórí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń dà sódò, agbára yẹn ló sì yẹ kó kọ́kọ́ lò.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí omi ń gbà. Odò Erinlẹ̀ ń bọ̀ láti òkè, ó ń pàdé Ọ̀ṣun nítòsí Ẹdẹ, àwọn méjèèjì wá jọ ń ṣàn lọ sísàlẹ̀. Kí omi yìí tó dé ọ̀sà Lẹ́kkí, ó kọ́kọ́ já sí adágún Aṣéjire, níbi tí wọ́n ti ń fa omi ẹ̀rọ tí àwọn ará Ìbàdàn ń mu. Ohun tí a ń bínú pé awakùsà ń ṣe sí wa, àwa náà ń ṣe é sí Ìbàdàn. Ẹ wo òwúrọ̀ ọjọ́ ìmọ́tótó. Àwọn èèyàn á fi ṣọ́bìrì kó ẹrọ̀fọ̀ inú gọ́tà jáde, ẹrọ̀fọ̀ dúdú tí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ewé ẹ̀kọ àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti lẹ̀ mọ́, wọ́n á kó o jọ ní òkìtì-òkìtì sí etí gọ́tà kan náà. Ọkọ̀ tó yẹ kó wá kó o kì í tètè dé. Bí òjò ńlá kan bá rọ̀, òkìtì náà á padà síbi tó ti wá, ọ̀gbàrá á sì gbé e dé odò. Láti ayé ìjọba ológun Buhari àti Idiagbon la ti ń ṣe ìmọ́tótó olóṣooṣù yìí. Ìjọba Èkó fagi lé tiwọn lọ́dún 2016, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ti sọ pé kò bófin mu láti há àwọn èèyàn mọ́lé nítorí rẹ̀. Kò sóhun tó burú nínú kí èèyàn gbálẹ̀, àmọ́ tí a kò bá mọ ibi tí ìdọ̀tí ń lọ lẹ́yìn tó bá kúrò nínú gọ́tà, ẹni tó ń gbé e àti ẹni tó ń sanwó rẹ̀, a kò tíì ní ètò kankan.

Agbára láti ṣètò ọ̀hún wà nílẹ̀. Àfikún kẹrin sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè tọdún 1999 fi kíkó ìdọ̀tí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbò, ọjà, gáréèjì, odò ẹran àti gọ́tà ojú pópó sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń dúró de àṣẹ Àbújá. Ohun tó ta kókó l'Ẹdẹ ni pé ìlú kan ni, ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ méjì. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn 83,831 sí Àríwá Ẹdẹ, ó ka 76,035 sí Gúúsù Ẹdẹ. Bí ọ̀kan bá ṣòfin lórí ìdọ̀tí tí èkejì kò ṣe, ààtàn á kàn sọdá títì ni. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ó yẹ kí ìgbìmọ̀ méjèèjì jọ fọwọ́ sí òfin kan náà lọ́jọ́ kan náà, kó kúrú, kí wọ́n sì kà á láàfin Tìmì, ọba Ẹdẹ, níṣojú ìyálọ́jà, babalọ́jà, àwọn alápatà àti àwọn awakọ̀. Kó sọ pé ní gbogbo ọjà Ẹdẹ, ohun tó ń jẹrà kò gbọdọ̀ bá ike àti ọ̀rá wọ inú àpò kan. Kó sọ pé ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran kò gbọdọ̀ ti odò ẹran ṣàn wọnú omi. Kó sì dá wolé-wolé padà sẹ́nu iṣẹ́, kì í ṣe láti máa fi ìwé dẹ́rù ba ìyá aláta, bí kò ṣe láti máa wò ó bóyá wọ́n ń tẹ̀ lé òfin.

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ láti ohun tó ń jẹrà ni pé òun ló pọ̀ jù nínú ìdọ̀tí ọjà wa, òun ló ń rùn, òun ló sì ń sọ ìyókù di ohun tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ fọwọ́ kàn. Ìbàdàn ti gbìyànjú èyí rí. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kọ́ ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọjà Bódìjà kí ọdún 2000 tó dé, láti máa sọ ìdọ̀tí ọjà àti ìgbẹ́ màlúù di ajílẹ̀ fún àgbẹ̀. Èrò náà dára, àmọ́ ẹ̀rọ ńlá ń fẹ́ iná mànàmáná, ó ń fẹ́ páàtì, ó ń fẹ́ owó ìjọba. Bí ọ̀kan bá ti wọ́n, iṣẹ́ á dúró. Ẹdẹ kò nílò ẹ̀rọ láti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ gbalasa kan tó jìnnà sódò, ṣọ́bìrì àti òṣìṣẹ́ díẹ̀ tó ń gbowó lásìkò ti tó. Wọ́n á to èèpo, ewé àti ìgbẹ́ ẹran léra wọn bí ebè gígùn, wọ́n á máa wọ́n omi sí i, wọ́n á sì máa yí i lóòrèkóòrè. Inú rẹ̀ á gbóná débi pé ọwọ́ kò ní í lè gbé ibẹ̀, ooru yẹn ló ń pa kòkòrò àti irúgbìn koríko. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ó ti dúdú, ó ti kúnná, òórùn burúkú ti kúrò lára rẹ̀. Pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta àpò fatiláísà lónìí, àwọn àgbẹ̀ abúlé tó yí Ẹdẹ ká kò ní í kọ̀ ọ́. Èèpo ẹ̀gẹ́ tiẹ̀ tún yàtọ̀. Àjọ ILRI, tó ń ṣèwádìí ẹran ọ̀sìn lọ́gbà IITA n'Íbàdàn, ti fi hàn pé bí a bá rin èèpo tútù, tí a fún omi rẹ̀ jáde, tí a sì sá a, tọ́ọ̀nù mẹ́ta ń di tọ́ọ̀nù kan oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Èèpo kan náà là ń dáná sun lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí.

Ọ̀rá ńkọ́? Èkó kéde ní January 2024 pé òun fòfin de ike fúyẹ́ funfun tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí, Rwanda sì ti fòfin de àpò ọ̀rá láti 2008. Àwọn kan á fẹ́ kí Ẹdẹ ṣe irú rẹ̀. Lójú tèmi, kò tíì yá. Píọ̀ wọ́tà ló kún inú gọ́tà wa, píọ̀ wọ́tà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń mu nítorí pé ẹ̀rọ omi kì í yọ déédéé. Bẹ́ẹ̀, Ẹdẹ ni ilé iṣẹ́ omi tó ń fa omi Erinlẹ̀ lọ sí Òṣogbo wà! Ẹni tó bá fòfin de ọ̀rá láìtún ẹ̀rọ omi ṣe, òùngbẹ ló fòfin dè. Iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ nìyẹn, ó sì yẹ ká sọ ọ́ láìfòyà: ọmọ Ẹdẹ ni Gómìnà Adémọ́lá Adélékè tó gorí àléfà ní November 2022, àmọ́ páìpù kì í tìtorí ọmọ ìlú ẹni yọ omi. Títí páìpù á fi yọ, ẹ jẹ́ kí àpò tí a ó máa kó ọ̀rá sí àti èyí tí a ó máa kó ike sí wà lẹ́nu ọ̀nà ọjà, kí àwọn tó ń rà wọ́n ní kílò máa wá kó wọn. Ọjà wọn ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹrọ̀fọ̀ tó lẹ̀ mọ́ wọn ló ń ba owó wọn jẹ́.

Wọ́n á ní owó dà? Ìbéèrè gidi ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ni ìjà lórí ẹni tó ni àga alága ti dé bá àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀ṣun, owó tó yẹ kó wá láti Àbújá há, àwọn òṣìṣẹ́ jókòó sílé. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ètò tó bá gbára lé owó Àbújá nìkan, ọjọ́ tí owó bá há ló máa kú. Oríṣiríṣi owó ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà. Kí wọ́n ya ti ìdọ̀tí sọ́tọ̀, kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti ìgbìmọ̀ jọ máa ṣọ́ ọ, kí wọ́n sì máa lẹ ìṣirò rẹ̀ mọ́ ògiri ọjà lóṣooṣù. Kò sì pọn dandan kí owó náà kárí gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlú kan wà ní Ítálì tó ń jẹ́ Capannori, èèyàn bí 46,000 ló wà níbẹ̀, kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta Ẹdẹ. Ìjà tí àwọn ará ìlú gbé ko ilé iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́ láti máa sun ìdọ̀tí ló bí ohun gbogbo, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Rossano Ercolini ló sì ṣáájú wọn. Lọ́dún 2007, Capannori di ìlú àkọ́kọ́ ní Yúróòpù tó kéde pé òun fẹ́ kí ìdọ̀tí tí a ń dà nù tán pátápátá. Nígbà tó yá, ohun tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ nínú ìdọ̀tí wọn lé ní ìdá 80 nínú 100. Ẹ lè ní Ọ̀ṣun kọ́ ni Ítálì, òótọ́ sì ni. Àmọ́ owó wọn kọ́ ni mo ń tọ́ka sí. Wọn kò fi gbogbo ìlú bẹ̀rẹ̀. Àdúgbò kan ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń lọ kó ìdọ̀tí láti ilé dé ilé, kí wọ́n tó fẹ̀ ẹ́ dé ibòmíì. Bí Ẹdẹ bá fi Ọjà Tìmì nìkan bẹ̀rẹ̀, ó ti ṣe púpọ̀.

Ẹdẹ tún ní ohun tí ọ̀pọ̀ ìlú tó tóbi jù ú lọ kò ní. Federal Polytechnic wà níbẹ̀, Adeleke University wà níbẹ̀, Redeemer's University náà wà níbẹ̀, tí yàrá àyẹ̀wò rẹ̀ wà lára àwọn tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Ebola ti wọ Nàìjíríà lọ́dún 2014. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wá kòkòrò àrùn kọ́ ni wọ́n fi ń wá òjé, àmọ́ onímọ̀ kò wọ́n nílùú náà. Kí wọ́n máa bu omi Ọ̀ṣun lóṣooṣù níbi tó ti ń wọ Ẹdẹ àti níbi tó ti ń jáde, kí wọ́n sì lẹ èsì rẹ̀ sí ọjà àti sí ààfin. Àlàfo tó bá wà láàárín èsì méjèèjì ni ìpín tiwa nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà. Èyí tó bá ti wà nínú omi kó tó wọ̀lú ni ẹjọ́ tí a ní lọ́wọ́.

Ìjọba àpapọ̀ nìkan ni òfin fún láṣẹ lórí kùsà. Kò sí alága ìbílẹ̀ tó lè ti ibi ìwakùsà pa. Ẹ̀rí nìkan ni Ẹdẹ lè gbé lọ sí Àbújá, wọn kò sì ní í gba ẹ̀rí lọ́wọ́ ìlú tí gọ́tà tirẹ̀ ń tú sínú odò kan náà. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ Àríwá àti Gúúsù, ẹ jókòó pọ̀ kí òjò tó dé, kí ẹ sì ké sí Tìmì kó jókòó sáàárín yín.