Dùùrù Ọmọ Yín

Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n ní Lẹ́kí àti Ajah, a mọ̀ pé ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí púpọ̀ nínú yín fi ń bọ́ sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, òru ni ẹ sì ń padà. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò lè dá ọmọ kọ́. Àwa ti rí dùùrù olówó iyebíye tí ó di ibi tí a ń to aṣọ lé!

Fela Ṣówándé, tí a bí ní 1905, kọ́ orin lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ tí í ṣe àlùfáà, àti lọ́dọ̀ Ẹkúndayọ̀ Phillips ní Kàtídírà Marina. Òbí tí kò mọ orin pàápàá lè jókòó ti ọmọ fún ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́, kí ó pa tẹlifíṣọ̀n, kí ó sì wí pé, “Tún ibẹ̀ yẹn tẹ̀ fún mi.”