Ẹ má di gbogbo ẹrù ẹbí lé akẹ́kọ̀ọ́ lórí

Bí ọmọ bá ti fásitì Òkukù pe ilé pé orí ń gbóná òun, pé òun ń kàwé ṣùgbọ́n kò yé òun mọ́, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún un ni pé kó má ṣọ̀lẹ, tàbí pé ayé ló ń wò ó, kó máa gbàdúrà. A kò ní àdúrà kò dára o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní ọdún 1960, dókítà ọmọ Kánádà kan, Raymond Prince, tó ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Arò l'Ábẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tó ń wá gba ìtọ́jú. Ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń rò: orí ń gbóná, ó ń ṣe wọ́n bíi pé nǹkan ń rìn lórí wọn, ojú ń ṣe bàìbàì bí wọ́n bá ṣíwèé, ohun tí wọ́n kà kò sì dúró. Ohun tó rí nídìí ọ̀rọ̀ náà ló kan àwa òbí. Ó ní ẹbí a máa mú ọmọ kan tí orí rẹ̀ pé, wọ́n á dáwó jọ kó lè kàwé, kí òun náà lè gbọ́ bùkátà àwọn yòókù lọ́la. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé bí òun bá kùnà, gbogbo ilé ló kùnà.

Láti ìgbà tí Fásitì Ọ̀ṣun ti dé Òkukù láyé Gómìnà Ọlágúnsóyè Oyinlọlá (ọmọ ìlú náà sì ni), iléèwé ti sún mọ́ ará Ìkìrun àti Ìnísà. Ó dára. Àmọ́ ẹjọ́ ilé náà ti sún mọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ tó ní ìdánwò lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á pè é lọ́jọ́ Ẹtì pé ìnáwó ẹbí ń bọ̀, wọ́n á tún rán an létí pé ilẹ̀ bàbá ni wọ́n tà kó tó rówó iléèwé san.

Ẹ sọ iye tí agbára yín ká fún ọmọ, bó ti wù kó kéré mọ, kó lè ṣètò ara rẹ̀. Kó wádìí ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí òfin rẹ̀ jáde ní 2024. Kò ní èlé. Kó máa sùn pẹ̀lú. Àwọn kan ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò sùn kò lè rántí ohun tó kà.

Bí ọmọ bá ní ayé sú òun, ẹ má fi pamọ́ nítorí ẹnu ayé, ẹ má sì fi falẹ̀. Ẹ mú un lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé-ìwòsàn ńlá fásitì Ifẹ̀ ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú irú rẹ̀, ẹni tó bá sì lọ síbẹ̀ kì í ṣe wèrè. Láyé Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò ní Arò, ẹbí ló ń bá aláìsàn gbé ní abúlé ìtòsí títí ara á fi yá.

A sì rọ àwọn aláṣẹ fásitì: kí ọ́fíìsì agbaninímọ̀ràn wà níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè wọlé láìjẹ́ pé gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò ó.