Géèmù Faransé Yìí, Ẹ Jẹ́ Kó Mọ Bọ́dà

Gbogbo wa la ti gbọ́ pé ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà ń fi Scratch ṣe géèmù tí yóò máa kọ́ àwọn JSS ní ọ̀rọ̀ Faransé. Wọ́n gbìyànjú, mo kí wọn. Mo dán an wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀rọ̀ kan á wà lókè, àwòrán mẹ́rin á wà nísàlẹ̀, ìwọ á tẹ èyí tó bá a mu. Mo gba 8 nínú 10. Ìgbà tí mo délé, mi ò rántí ju mẹ́ta lọ. Àwòrán mẹ́rin péré sì ni o, ẹni tó dijú tẹ̀ ẹ́ náà á ṣèèṣì gba díẹ̀.

Ápù àti yìnyín ló kún inú ẹ̀. Ta ló ń tà yìnyín ní Ìlaròó? Wọ́n ní inú ìwé ló wà, ó dáa, ẹ fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni “la frontière” wà? “La douane” ńkọ́? “Combien”, “c’est cher”, “la monnaie”, èyí tí àwọn ìyá wa ń lò tí wọ́n bá kọjá Ìdí-Ìrókò?

Mo ní ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ní Kétu. Yorùbá la jọ ń sọ, àwàdà kan náà ló ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé ìwé sáyẹ́ǹsì rẹ̀ fún mi, àwòrán inú rẹ̀ nìkan ni mò ń wò. Òun náà ò lè ka tèmi. Ààlà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fẹnu kò lé lórí lọ́dún 1889 ló sọ wá dà bẹ́ẹ̀, ọmọ ilé kan náà.

Èyí tó dùn mí jù ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni géèmù náà fi ń túmọ̀ gbogbo nǹkan. Ẹ wo “bon”. À ń pè é bíi “bone”, torí Gẹ̀ẹ́sì la gbà débẹ̀. Ẹ pe “ìbọn”, kí ẹ yọ “ì” kúrò, ẹ ti pè é tán! “Pain” náà, “ẹn” inú “ìyẹn” ló wà ńbẹ̀ (p tiwọn fúyẹ́ ju tiwa lọ ṣá). Imú wa ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ibi tó ti le fún wa ni le àti la, torí “ó” kan náà la ń lò fún bàbá àti ìyá. Nítorí náà, kí “riz” má dá jáde láéláé, “le riz” ni kó máa jẹ́. “La tomate”, bẹ́ẹ̀ náà.

Kí ọ̀rọ̀ téèyàn bá ṣì tún padà wá kíákíá, kí èyí tó mọ̀ pẹ́ kó tó yọjú. Ará Jámánì kan, Sebastian Leitner, ti ṣàlàyé ìyẹn nínú ìwé rẹ̀ ní 1972, káàdì inú àpótí lásán ló fi ṣe é. Tí NEPA bá mú iná lọ, àwa náà lè fi páálí ṣe é.

Mo ti kọ ọ̀rọ̀ ogójì sílẹ̀. Olùkọ́ Faransé wa ti tún mọ́kànlá ṣe níbẹ̀, ojú tì mí díẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti gbà láti fi ohùn rẹ̀ kà wọ́n sórí fóònù. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi ní SS2. Ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbà á kí ẹ tó parí.