Odídẹrẹ́ Kọ́ Ni Akẹ́kọ̀ọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìyípadà Òṣùwọ̀n Nínú Kíláàsì Sáyẹ́ǹsì

Gbogbo ayé ló mọ Ìwó mọ odídẹrẹ́. Ẹyẹ iyì ni, ohùn rẹ̀ sì dà bí ti ènìyàn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá kọ́ ọ náà ni yóò máa wí. Kò ní bèèrè ìdí rẹ̀. Bí àlejò bá yà sí kíláàsì JSS 1 ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Yorùbá lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá kan ìyípadà òṣùwọ̀n, tí Ìwó fúnra rẹ̀ kò sì yọ sílẹ̀, yóò rò pé odídẹrẹ́ ni wọ́n kó jókòó. "Kílò, hẹ́ktò, dẹ́kà, mítà, désì, sẹ́ńtì, mílì!" Wọn á pè é lápètúnpè títí ilé yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ á kọ ìbéèrè sójú pátákó: gíráàmù 250 jẹ́ kìlógíráàmù mélòó? Ọmọ kan á nawọ́, á ní 250,000. Òmíràn á ní 2.5. Ẹ̀kẹta á máa wo ìwé ẹni tí ó jókòó tì í. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò fura pé páálí ṣúgà kékeré kan kò lè wúwo ju ọkọ̀ àjàgbé lọ.

Bí agogo ìparí ilé-ẹ̀kọ́ bá sì ti lù, ọmọ kan náà yìí á gba ọjà Odò-Orí lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí àtẹ gàrí. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí i pé orí rẹ̀ pé. Oníbàárà kan fẹ́ ìdajì àpò. Ọmọ ti mọ iye kóńgò tí yóò wọ̀n. Òmíràn kò ní owó kóńgò, dẹ́ríkà ló fẹ́; ọmọ ti mọ iye tí yóò gbà. Ẹ lù ú, ẹ bú u, kò ní sọ láéláé pé ogójì àpò gàrí ló wà nínú kóńgò kan. Kí ló wá dé tí orí tí ó mú lọ́jà fi kú nínú kíláàsì?

Ọ̀nà ìkọ́ni ni ẹ dá lẹ́bi, ẹ fi orí ọmọ sílẹ̀. Àmì désímà ni wọ́n ń kọ́ ọmọ láti máa sún kiri bí ẹni ń sún ọmọ ayò, lọ sí ọ̀tún tàbí lọ sí òsì, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹfà. Òfin kan ṣoṣo tí ó gbé gbogbo iṣẹ́ náà ró, wọn kì í sábà sọ ọ́: bí òṣùwọ̀n bá kéré sí i, iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i, bí òṣùwọ̀n bá tóbi sí i, iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ dín kù. Ọmọ tí ń ta gàrí ti mọ òfin yìí kí ó tó mọ ABD. Kò sẹ́ni tí ó sọ fún un pé òun náà ni wọ́n ń pè ní sáyẹ́ǹsì.

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Nígbà tí owó ẹyọ ṣì ń jẹ́ owó, ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta irú okùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹgbàá, èyíinì ni 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, èyíinì ni 20,000. Oníṣòwò ìgbà náà mọ̀ láìsí bírò pé 500 okùn ló wà nínú ọ̀kẹ́ kan. Bí ìyẹn bá jìnnà jù, ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú àwọn àgbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, Nàìjíríà pa pọ́n-ùn tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí ná náírà. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, sísì di kọ́bọ̀ márùn-ún. Èyí tí ó tilẹ̀ le jù níbẹ̀ ni pé kọ́bọ̀ ni Yorùbá ti ń pe pẹ́nì tẹ́lẹ̀. Méjìlá kọ́bọ̀ àtijọ́ ni ṣílè kan. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ṣílè náà di mẹ́wàá kọ́bọ̀ tuntun. Orúkọ kan, ìwọ̀n méjì! Tọ́rọ́ tí í ṣe kọ́bọ̀ mẹ́ta lánàá wá di kọ́bọ̀ méjì ààbọ̀ lónìí. Àwọn ìyá tí kò ka ìwé mẹ́fà ló ṣe ìṣirò yìí nídìí àtẹ, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, wọ́n sì ń tajà lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní ṣílè fún ọdún pípẹ́ lẹ́yìn náà, ohun tí ó fi hàn pé òṣùwọ̀n méjèèjì wà lórí wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ-ọmọ wọn ni wọ́n wá ń sọ pé kò lè sọ gíráàmù di kìlógíráàmù.

Ìwó tún ní àpẹẹrẹ tirẹ̀ tí kì í yẹ̀ lọ́dọọdún. Ìlú tí Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀ ni. Bí ààwẹ̀ Ràmàdáánì bá ti ń lọ sópin, baálé ilé a máa ṣírò sàká ìtúnu ààwẹ̀: sáà kan fún orí kọ̀ọ̀kan, sáà kan sì jẹ́ múdù mẹ́rin. Ilé tí ènìyàn méje wà yóò wọn múdù méjìdínlọ́gbọ̀n. Nísinsìnyí tí ìrẹsì ń wá nínú àpò tí wọ́n kọ kìlógíráàmù sí lára, àwọn ààfáà ní láti sọ sáà di kìlógíráàmù, wọ́n sì sábà máa ń fi í sí àárín 2.5 sí 3. Èéṣe tí kò fi jẹ́ iye kan ṣoṣo? Nítorí pé bí nǹkan ṣe gba àyè tó ni sáà ń wọ̀n, bí nǹkan ṣe wúwo tó ni kìlógíráàmù ń wọ̀n. Ohun méjì tí wọ́n kún igbá kan náà kò sì ní láti wúwo bákan náà. Ẹ̀kọ́ dẹ́ńsítì gan-an nìyẹn, ó ń wọlé wá bá olùkọ́ físíìsì lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún! Síbẹ̀, ọmọ tí ó bá baba rẹ̀ wọn sàká láàárọ̀ yóò dé inú kíláàsì, wọn á ní kí ó sọ dẹ́ńsítì omi, gíráàmù 1 fún sẹ̀ńtímítà onígun-mẹ́ta kan, di kìlógíráàmù fún mítà onígun-mẹ́ta kan, yóò sì kọ 0.001. Iye tí ó tọ̀nà ni 1,000. Ẹni tí ó bá ti ru garawa omi kan ṣoṣo láti odò rí yẹ kí ó mọ̀ pé omi tí ó kún àpótí tí ó gùn ní mítà kan, tí ó fẹ̀ ní mítà kan, tí ó sì ga ní mítà kan, kò lè fúyẹ́ ju ìyẹ́ adìyẹ lọ.

Àwọn kan á ní kóńgò kì í ṣe òṣùwọ̀n gidi, pé ti ìyá kan jinlẹ̀, ti òmíràn ni wọ́n ti lù nídìí kí ó lè gba gàrí díẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tètè lóye ìdí tí ayé fi fẹnu kò pé kí kìlógíráàmù kan dọ́gba ní Ìwó, ní Ìbàdàn àti ní Lọ́ńdọ́nù, bí kò ṣe ọmọ tí wọ́n ti fi kóńgò tí a lù nídìí rẹ́ jẹ? Ìwé Òwe nínú Bíbélì bu ẹnu àtẹ́ lu ìwọ̀n èké. Orúkọ àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù sì ni Sùúrà kẹtàlélọ́gọ́rin nínú Àlùkùránì ń jẹ́. Àbùkù kóńgò fúnra rẹ̀ ẹ̀kọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì mọ sí inú ìdánwò. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá, ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi ń pe ilẹ̀ tà, 50 sí 100, ṣùgbọ́n mítà ni àwọn awọnlẹ̀ fi ń ya àwòrán rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ mítà 0.3048. Ẹni tí ó bá kọ́ ìyípadà bí odídẹrẹ́ á fi 0.3048 sọ 5,000 di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á ní ilẹ̀ náà jẹ́ 1,524 ní ìwọ̀n mítà onígun. Irọ́ ni. Gígùn gbọ́dọ̀ yí padà, ìbú náà gbọ́dọ̀ yí padà: 15.24 lọ́nà 30.48, èyí tí ó jẹ́ bíi 464.5. Àṣìṣe náà ju ìlọ́po mẹ́ta òtítọ́ lọ, owó ilẹ̀ kì í sì í ṣe owó àkàrà. Ti oògùn ọmọdé tún burú ju ìyẹn lọ. Oríṣi parasitámọ́ọ̀lù kan wà tí wọ́n ń kán sẹ́nu ọmọ ọwọ́. Mílígíráàmù 100 ló wà nínú mìlílítà 1 rẹ̀. Òmíràn wà tí wọ́n ń fi ṣíbí bù. Mílígíráàmù 120 ló wà nínú mìlílítà 5 tirẹ̀. Ìyá tí ó bá ṣi ìgò mú, tí ó fi ṣíbí mìlílítà 5 bu ti àkọ́kọ́, ti fún ọmọ rẹ̀ ní mílígíráàmù 500, ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Àwọn òyìnbó tí wọ́n ni ẹ̀kọ́ náà pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ irú rẹ̀: ní oṣù keje ọdún 1983, epo tán nínú bàálù Air Canada kan lójú òfurufú, nítorí pé wọ́n fi iye tó jẹ́ ti pọ́n-ùn ṣírò epo tí ó yẹ kí wọ́n fi kìlógíráàmù ṣírò. Orí ló kó wọn yọ nílùú Gimli.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti wọ́gi lé ìlànà èdè ti ọdún 2022, èyí tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ni pé àwọn ẹkùn tí wọ́n gba èdè abínibí mú jù ni ìfìdírẹmi ti pọ̀ nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò dá a lóhùn, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti di ti ìṣirò. Ọmọ tí ó wọ ìwé kìíní lẹ́yìn tí wọ́n fọwọ́ sí ìlànà náà ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìwé mélòó ni yóò wà ní ọdún 2025 tí yóò fi jókòó fún WAEC? Báwo ni ìlànà ọdún mẹ́ta yóò ṣe jẹ̀bi ẹ̀kọ́ ọdún méjìlá? A ti dán èyí wò rí ní Ilé-Ifẹ̀. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́; wọ́n tilẹ̀ ta wọ́n yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ Yorùbá náà kò gbọdọ̀ máa rẹ́rìn-ín. Ta ló sọ òǹkà Yorùbá di àkọ́sórí, tí ọmọ fi ń ka ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin láìmọ̀ pé 100 ni a yọ kúrò lára ẹgbẹ̀rin? Odídẹrẹ́ wà nínú kíláàsì tiwọn pẹ̀lú. Ìwó tí Yunifásítì Bowen wà láti ọdún 2001, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tí ń kọ́ olùkọ́ sì tún wà níbẹ̀, kò yẹ kí ó wá ẹni tí yóò jókòó pẹ̀lú olùkọ́ Yorùbá kan àti olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan tì láti tún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan péré ṣe.

Ohun èlò rẹ̀ kò wọ́n. Kóńgò méjì tí kò dọ́gba, síkéèlì kan, gàrí díẹ̀, ẹ̀wà díẹ̀, tépù télọ̀ tí ìṣì wà lójú kan rẹ̀ tí sẹ̀ńtímítà sì wà lójú kejì. Kí ọmọ wọ̀n ọ́n, kí ó sọ èrò rẹ̀ ní Yorùbá, kí ó tó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tí WAEC yóò gbà. Ẹni tí ó bá sì tún kọ 250,000, kí olùkọ́ má ṣe lù ú. Kí ó gbé páálí ṣúgà náà lé e lọ́wọ́, kí ó ní kí ó bá òun sọ ọ́ lédè ìyá rẹ̀ bóyá tọ́ọ̀nù 250 ni ó ń gbé dání.