Ẹni Tí Ó Parí Eré

Nígbà tí ọyẹ́ bá mú ní Upenmen, ìdí iná ni àwa àgbà ń sá lọ. Ṣùgbọ́n ará ìhà ọ̀dọ̀ wa kan wà tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá òtútù lọ.

Kwame Nkrumah-Acheampong, ọmọ Gánà, ń ṣiṣẹ́ ìgbàlejò ní Milton Keynes ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ibi ìdárayá kan tí òjò dídì wà nínú ilé. Ó ti dàgbà kí ó tó kọ́ síkì níbẹ̀, èyíinì ni kí ènìyàn so pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn méjì mọ́ bàtà, kí ó máa yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Kò yege fún Òlíḿpíìkì ti 2006, ṣùgbọ́n kò jáwọ́. Ní 2010, ó dé Vancouver ní Kánádà, òun sì ni ọmọ Gánà àkọ́kọ́ nínú Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù. Àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ eré náà lé ní 100. Ọ̀pọ̀ ṣubú, wọn kò parí. Kwame ṣe ipò 47. Kò gba àmì ẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n ó parí eré.

Ẹ̀yin òbí, ọmọ yín tí ó kùnà nínú WAEC lẹ́ẹ̀mejì ńkọ́? Àwa náà ti fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé wa rí, a sì kábàámọ̀. Bí ọmọdé bá ṣubú, iwájú ni ó ń wò. Ẹ̀yin ni ó ń wò. Ẹ na ọwọ́ sí i.