Ọpẹ́ Abiyamọ àti Owó Ìkúnlẹ̀

Nígbà tí abiyamọ bá kúnlẹ̀ tí ó sì dìde láyọ̀, tí a gbọ́ ohùn ìyá, tí a sì gbọ́ ohùn ọmọ, gbogbo ẹni tí ó bá wà ní sàkání ni yóò gba ọpẹ́, títí kan ẹni tí ó ti fi ọ̀rọ̀ gún un lára láti ìrọ̀lẹ́ àná. Bí a bá ka ọpẹ́ yẹn sí ẹ̀rí pé ìtọ́jú náà tẹ́ ẹ lọ́rùn, ara wa ni a ń tàn. Ibi tí ó bá gbà lọ nígbà tí ó bá tún lóyún ni ẹ̀rí tòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bá ìyàwó àgbẹ̀ kan ṣírò owó ìkúnlẹ̀ ní Ìjóun ní Àríwá Yewa, níhìn-ín lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà àti Benin, níbi tí gàrí àti àgbàdo ti ń gbọ́ bùkátà ilé. Bí ọ̀ràn bá ju agbára ilé ìwòsàn kékeré lọ, ilé ìwòsàn Ayétòrò ni ó kù. Ọ̀kadà ni yóò sì gbé e, ọ̀kadà tí owó rẹ̀ kò rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ ti kéde pé ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti dópin. Owó káàdì ń bẹ níwájú, owó ìbọ̀wọ́, òwú àti oògùn apakòkòrò ń bẹ lẹ́yìn, ọjà tí kò lè ná lọ́jọ́ náà sì ń bẹ láàárín, àdánù tí ẹnikẹ́ni kì í kọ sínú rìsíìtì. Lẹ́yìn gbogbo èyí, bí ìrora bá mú un ké, kí a wá bi í pé, “Nígbà tí o wà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ, ta ni o ké pè?”

Ìyá agbẹ̀bí àdúgbò, ní tirẹ̀, yóò pè é ní Àbẹ̀kẹ́, yóò kì í títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀, yóò sì gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí di ìgbà ìkórè. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ìdí rèé tí owó abiyamọ fi ń gba ibẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya, oríkì kò lè dá a dúró. Nínú ìwádìí ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2018, ìbímọ 39 péré nínú 100 ni ó wáyé ní ilé ìwòsàn, ìyá 512 ni a sì ṣírò pé ó ń kú nínú ìbímọ 100,000.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti fi ọ̀nà kan hàn wá. Nígbà tí gómìnà wọn nígbà náà, Dókítà Olúṣẹ́gun Mimiko, bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní Ìfẹ́dọ̀rẹ́ lọ́dún 2009, ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú, a sì fún aláboyún ní fóònù kí ó lè pe òṣìṣẹ́ ìlera. Ètò Agbẹ̀bíyè tẹ̀ lé e, tí a fi ń fún ìyá agbẹ̀bí lẹ́bùn lórí aláboyún kọ̀ọ̀kan tí ó bá fà lé ilé ìwòsàn lọ́wọ́. Èyí wú mi lórí ju ti fóònù lọ, nítorí ẹni tí a bá fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yẹ kí a ro ti oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.

Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ti ya ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ ìjọba, ó kéré tán, sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Mo bẹ ìjọba Ògùn àti ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa: ẹ lẹ iye owó gbogbo mọ́ ògiri ní èdè Yorùbá, ẹ fi nọ́ọ̀sì kún nọ́ọ̀sì tí ó ń dá nìkan ṣọ́ òru, kí ẹ sì bi ìyá ọmọ léèrè bí a ti ṣe tọ́jú rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, nígbà tí ó bá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí ẹ̀rù ti kúrò lára rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà kí ẹ tó pín owó tí ó kàn.