Ẹ Má Fi Shapefile Ba Orúkọ Ẹ̀gbẹ́dá Jẹ́ Mọ́

Ẹ̀yin olùkọ́ yunifásítì, ẹ̀yin agbaṣẹ́ṣe àti òṣìṣẹ́ àjọ gbogbo tí ẹ ń fa máàpù Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó yọ láti inú OpenStreetMap, iṣẹ́ yín wúlò, ṣùgbọ́n irú fáìlì tí ẹ fi ń fún wa ló ń bà á jẹ́. Ẹni tó bá béèrè máàpù Ìkòtún, Ìgàndò tàbí Ẹ̀gbẹ́dá lọ́wọ́ yín, shapefile ni yóò gbà, àfi bí ẹni pé kò sí òmíràn láyé. Ilé-iṣẹ́ Esri ní Amẹ́ríkà ló gbé shapefile jáde níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ọdún 2004 ni Steve Coast tó dá OpenStreetMap sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Agbádá tí wọ́n rán kí ẹni tó máa wọ̀ ọ́ tó dáyé ni. Kò lè bá a mu.

Orúkọ ló kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀. Inú fáìlì .dbf ni shapefile ń kó ọ̀rọ̀ sí, àwọn irinṣẹ́ kan sì wà tó jẹ́ pé, bí ẹ kò bá pàṣẹ mìíràn fún wọn, ISO-8859-1 ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ìyẹn ìlànà tí wọ́n ṣe fún àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Ìlànà yìí mọ ì, ó mọ ò, ó mọ ú, nítorí náà Ìkòtún àti Ìgàndò á kọjá láìfarapa. Kò mọ ẹ, kò mọ ọ, kò mọ ṣ. Ẹ̀gbẹ́dá á wọlé, ??gb??dá ni yóò jáde. Bí ẹ bá sì lo UTF-8 tó mọ̀ wọ́n, tí fáìlì kékeré .cpg tó ń sọ bẹ́ẹ̀ wá já bọ́ lọ́nà, áº¹ ni kọ̀ǹpútà ẹni tó gbà á lè fi dípò ẹ. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: ọ̀pọ̀ orúkọ àdúgbò tó wà lórí OpenStreetMap kò lámìí tẹ́lẹ̀, kí la wá pàdánù? Ta ni yóò wá jókòó fi àmì sí orúkọ tó mọ̀ pé yóò di àmì ìbéèrè? Àyè wà fún orúkọ Yorùbá níbẹ̀, name:yo ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n shapefile ọ̀fẹ́ tí Geofabrik ní Jámánì ń ṣe fún Nàìjíríà kò gbé e dání. Name nìkan ló mú. (Kí n má purọ́ mọ́ wọn: fáìlì .pbf tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò yọ ọ́ sílẹ̀.)

Ti àkọlé tún burú ju ìyẹn lọ. Àkọlé ìsọ̀rí kan nínú shapefile kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 10 lọ. Lórí OpenStreetMap, addr:housenumber ni nọ́ńbà ilé, addr:housename sì ni orúkọ ilé. Ẹ gé méjèèjì sí 10, addr:house ni wọ́n dà. Irinṣẹ́ á wá sọ ọ̀kan di addr:hou_1, ẹni tó gbà á á sì máa méfò èwo ni èwo. Lẹ́tà healthcare fúnra rẹ̀ pé 10 géérégé, nítorí náà healthcare:speciality, tó yẹ kó sọ irú ìtọ́jú tí ilé ìwòsàn kan ní Ìgàndò ń ṣe, á forí gbárí mọ́ ọn. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 sí Alímọ̀ṣọ́, ìjọba Èkó sì ní iye náà kéré jù. Níbi tí èrò pọ̀ tó báyìí, nọ́ńbà ilé kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́.

Shapefile kì í sì í ṣe fáìlì kan. Ó kéré tán, .shp, .shx àti .dbf gbọ́dọ̀ jọ rìn, .prj ló sì ń sọ ìlànà ìwọ̀n tí wọ́n lò. WGS84 ni ti OpenStreetMap; Minna ni ọ̀pọ̀ àwòrán ilẹ̀ tí àwọn awọnlẹ̀ wa ti yà. Bí .prj bá sọnù, tí ẹnì kan sì ka ọ̀kan sí èkejì, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà ni ilé fi máa yẹ̀. Ní Ẹ̀gbẹ́dá, òpópónà ẹlòmíràn nìyẹn.

GeoPackage, irú fáìlì mìíràn tí àjọ OGC fọwọ́ sí ní 2014, kò ní ìkankan nínú àrùn wọ̀nyí: fáìlì kan ṣoṣo ni, UTF-8 ló ń lò, àkọlé gígùn kò nira fún un. Láti ìgbà tí QGIS 3.0, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù, ti jáde ní 2018, òun ni QGIS kọ́kọ́ ń nawọ́ rẹ̀ síni. ArcGIS ti Esri fúnra wọn náà ń kà á. Àwíjàre yín tó lágbára jù lọ ni pé àwọn tó gbé iṣẹ́ fún yín ló kọ shapefile sínú ìwé àdéhùn. Òótọ́ ni, n kò sì ní kí ẹ da àdéhùn. Ẹ fún wọn ní shapefile wọn, ṣùgbọ́n kí GeoPackage jẹ́ ojúlówó tí ẹ fi lé gbogbo ènìyàn lọ́wọ́, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fa máàpù náà yọ sí i, kí ẹ sì dárúkọ àwọn tó ya OpenStreetMap gẹ́gẹ́ bí ODbL, àṣẹ ìlò rẹ̀, ṣe wí. Nígbà tí ìwé àdéhùn mìíràn bá dé, kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ ní kí wọ́n fi GeoPackage rọ́pò ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn.